Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Ẹ Tọrọ, Kí Ló Bá A Wá?

Bàbá kan tó ń gbin àgbagbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó bi mí bóyá kí òun kó àdá òun dànù, torí wọ́n ní ẹnu àdá ni àrùn tó ń mú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣù jọ lórí ti ń ràn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí àdá wà ńbẹ̀. Ibo lẹ ti tọrọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní BBTV ló ń fa àrùn yìí. Àdá kì í gbé e. Ọmọ tí a hú lára ìyá tó ti kó o ló ń gbé e, àti aphid, kòkòrò kéékèèké tó ń sá pamọ́ sí ìdí ewé, tí èèrà máa ń yí ká.

Àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà kò sí lójú kan. Ẹyọ DNA mẹ́fà ni, kálukú nínú èèpo tirẹ̀, bí ìwé olójú-ewé mẹ́fà tí wọn kò rán pọ̀. Bí irú méjì bá pàdé nínú igi kan, ojú ewé ti ọ̀kan lè bọ́ sínú ti èkejì, kí irú kẹta tí a kò rí rí sì tibẹ̀ jáde. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Agbo ńlá méjì ni fáírọ́ọ̀sì yìí pín sí. Ọ̀kan wà ní ìhà China, Vietnam àti Philippines. Èkejì wà ní Australia, Íńdíà, Íjíbítì àti ilẹ̀ Áfíríkà. Ìyàtọ̀ àárín agbo méjèèjì tó nǹkan bí 10 nínú 100, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú agbo tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán. Ọdún 2013 ni wọ́n kéde pé wọ́n rí i ní Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, lẹ́bàá bodè Benin. Àǹfààní ìjọra yẹn ni pé àyẹ̀wò kan náà lè mú un níbikíbi lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí irú ti agbo ìhà China má baà wá pàdé tiwa níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń ti òkè òkun bọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi báàgì gbé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wálé.

Ẹ wo ọrùn ewé àti iṣan rẹ̀: bí ẹ bá rí tótó-tótó àti ìlà wẹ́wẹ́ tó ṣú dúdú, tí ewé tuntun sì tín-ín-rín, tó nàró ṣánṣán, tí etí rẹ̀ pọ́n, ẹ fura. Igi bẹ́ẹ̀ kì í gbádùn mọ́; bó bá kó o ní kékeré, kò ní so. Ẹ kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ tàbí oògùn pa aphid ara rẹ̀, kí wọ́n má baà sá lọ sórí òmíràn, kí ẹ tó hú u tìdí-tìdí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó lè ju oṣù kan lọ kí àmì tó yọ. Ọmọ tó tutù yọ̀yọ̀ lọ́wọ́ yín lè ti kó o. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀fẹ́ là ń fún ara wa ní ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìfẹ́ ni. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ rìn dé ìdí ìyá rẹ̀ lóko olóore yín kí ẹ tó gbà á.

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní àna òun tó ń gbé lọ́nà Ìdí-Ìrókò ló fún òun ní mẹ́jọ léṣìí. Mẹ́jọ yẹn la kọ́kọ́ lọ wò.