Mọ́tò Amẹ́ríkà àti orúkọ tó ń tẹ̀lé e

Mọ́tò Amẹ́ríkà ni wọ́n máa ń pe mọ́tò tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́ta tó wà lágbègbè Detroit, ìpínlẹ̀ Michigan, ń ṣe, ìyẹn General Motors tí gbogbo èèyàn ń pè ní GM, tó ni Chevrolet, Buick, Cadillac àti GMC, Ford tó ni Lincoln, àti Chrysler tó ni Dodge àti Jeep, tí ilé iṣẹ́ Stellantis ti wá ni báyìí. Láyé ìsinsìnyí wọ́n ti ń ka Tesla, tó ń ṣe mọ́tò iná, mọ́ wọn. Láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn mọ́tò yìí ti jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ń wò kọ́ṣẹ́, wọ́n ti bàjẹ́ débi tí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn fi ń sá fún wọn, wọ́n sì ti tún dára lẹ́yìn ìyẹn láìjẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn tiẹ̀ mọ̀. Torí pé bí mọ́tò ṣe le sí àti bí orúkọ ẹ̀ ṣe rí lẹ́nu aráyé kì í jọ rìn. Mọ́tò lè ti bàjẹ́ kí orúkọ ẹ̀ ṣì máa dùn fún ọdún mélòó kan, tí orúkọ bá wá bàjẹ́ tán, wọ́n á tún mọ́tò yẹn ṣe títí kí ẹnikẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́.

Níbẹ̀rẹ̀, orúkọ yẹn kì í ṣe ẹnu lásán. Ní 1908, wọ́n kó Cadillac mẹ́ta lọ sí Brooklands, pápá tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta palẹ̀, wọ́n po gbogbo ẹ̀yà ara wọn pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi lè mọ èyí tó jẹ́ ti mọ́tò wo, wọ́n wá tò wọ́n padà, wọ́n sì wà wọ́n fún máìlì 500. Nígbà yẹn, ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, fáìlì ni wọ́n fi ń ha páàtì kọ̀ọ̀kan kó tó lè wọ ibi tó yẹ kó wọ̀, ẹni tó bá ti dúró ti mẹkáníìkì tó ń fi ọwọ́ ha irin á mọ ìdí tí ẹnu fi ya àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ wọn fún Cadillac ní àmì ẹ̀yẹ Dewar torí ẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1912, Cadillac yìí kan náà ló gbé mọ́tò tó ní sítátà iná jáde, tí Charles Kettering ṣe, kò wá sídìí tí èèyàn á fi dúró níwájú mọ́tò máa fi irin yí ẹ́ńjìnì mọ́.

Ọdún 1908 yẹn náà ni Henry Ford gbé Model T jáde. Irin tó le gan-an ló fi ṣe é, ó ga nílẹ̀, kò sì ní wàhálà, àgbẹ̀ inú oko lè tún un ṣe fúnra ẹ̀. Ní 1913 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi láìnì tó ń rìn to mọ́tò ní Highland Park, níbi tí òṣìṣẹ́ á ti dúró lójú kan tí mọ́tò á máa wá bá a, iṣẹ́ tó ń gba ohun tó lé ní wákàtí 12 tẹ́lẹ̀ di nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Títí wọ́n fi dá a dúró ní 1927, wọ́n ti ṣe ohun tó lé ní mílíọ̀nù 15. Àmọ́ iṣẹ́ ojú kan yẹn sú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóríṣiríṣi, ìyẹn wà lára ìdí tí Ford fi ń san dọ́là 5 lójúmọ́ láti 1914. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ sú yìí, ẹ fi í sọ́kàn, ó máa padà wá.

Alfred Sloan tó jẹ́ ọ̀gá GM ló mú àṣà míì wọlé: kí wọ́n máa yí bọ́dì mọ́tò padà lọ́dọọdún, kí ti èṣí lè máa dà bíi pé ó ti gbó lójú ẹni tó ni ín. Ó pa owó wọlé gan-an, tó bá di àwọn ọdún 1950, nǹkan bí ìdajì gbogbo mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ ti GM. Ṣùgbọ́n lójú tèmi ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lọ́nà, torí ọpọlọ àwọn ẹnjinníà kúrò lórí ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lọ sórí ìrù mọ́tò tó ta jáde bí ìyẹ́ apá. Mọ́tò Chrysler ti 1957 ni àpẹẹrẹ tó hàn jù, ó rẹwà débi pé GM sáré lọ tún tiwọn yà, ṣùgbọ́n kíá ni wọ́n ti kánjú gbé e jáde, òjò ń wọnú ẹ̀, ó ń dípẹtà, irin abẹ́ ẹ̀ sì ń ṣẹ́. Ohun kan tún wà tí mi ò lè fò: ọ̀pọ̀ mọ́tò Amẹ́ríkà títí wọ àwọn ọdún 1980 ló jẹ́ pé òǹkà márùn-ún péré ló wà lójú ohun tó ń ka máìlì, tó bá ti dé 99,999 ó ti padà sí òdo nìyẹn. Wọn ò retí pé kó kọjá ibẹ̀.

Ní 1965 agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Ralph Nader gbé ìwé kan jáde tó fi sọ pé àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò mọ ewu tó wà nínú ohun tí wọ́n ń tà, Chevrolet Corvair ló fi ṣáájú, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba àpapọ̀ ṣòfin ààbò mọ́tò. Látìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè.

Àwọn ọdún 1970 ló ba nǹkan jẹ́ gan-an. GM fẹ́ fi mọ́tò kékeré kan tó ń jẹ́ Chevrolet Vega bá Volkswagen àti àwọn Toyota tó ń wọlé jà, wọ́n gbé e jáde ní 1970. Alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì ẹ̀, wọn ò sì fi sílíìfù irin sínú sílíńdà, tó bá ti gbóná jù báyìí, ojú sílíńdà á há, ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, kò ní pẹ́ tí á fi kú. Bọ́dì ẹ̀ náà ń dípẹtà láàárín ọdún díẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ní Lordstown, ìpínlẹ̀ Ohio, mọ́tò bí 100 ni láìnì ń gbé kọjá láàárín wákàtí kan, ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ ní sẹ́kọ́ǹdù 36 péré fún mọ́tò kan, tó bá ti gbójú sókè mọ́tò ti lọ. Ní 1972 wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe owó ló ká wọn lára jù, eré tí wọ́n ń fi wọ́n sá ni. Ford ní tiẹ̀ ní Pinto, tí táńkì epo ẹ̀ wà lẹ́yìn nítòsí bọ́ńpà, tí wọ́n bá gbá a látẹ̀yìn ó lè gbiná. Àwọn èèyàn kú sínú ẹ̀, ẹjọ́ pọ̀, 1978 ni wọ́n tó pe nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ padà fún àtúnṣe.

Láàárín gbogbo ìyẹn ni epo wọ́n gógó, ní 1973 nígbà tí àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá dá epo dúró, àti ní 1979 nígbà tí ìjọba yí padà ní Iran. Àwọn tó ń wa mọ́tò ràgàjì tó ń mu epo bí omi lọ ra mọ́tò Japan torí owó epo, wọ́n wá rí i pé mọ́tò náà kì í yọni lẹ́nu, wọn ò padà wá mọ́. GM ní kóun náà ta mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńjìnì Oldsmobile tó jáde fún 1978, bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnì mú ò le tó fún agbára dísẹ́ẹ̀lì, gáskẹ́ẹ̀tì ń fẹ́, omi ń wọ ibi tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ò fẹ́ gbọ́ orúkọ dísẹ́ẹ̀lì sétí mọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Fún ọdún 1982, wọ́n tún mú Chevrolet Cavalier, wọ́n fi awọ àti àmì Cadillac sí i, wọ́n pè é ní Cimarron, orúkọ tó gba ìyìn ní Brooklands ni wọ́n lẹ̀ mọ́ mọ́tò olówó pọ́ọ́kú yẹn. Ó dùn mí láti kọ ọ́.

Àwọn kan wà tó ń sọ pé òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ya ọ̀lẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fremont, ìpínlẹ̀ California, fi hàn pé irọ́ ni. GM ní ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé ó wà lára èyí tó burú jù nínú gbogbo tiwọn, òṣìṣẹ́ kì í wá síṣẹ́, wọ́n ń mutí lẹ́nu iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn sọ lẹ́yìn náà pé àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ ju ìgò sínú ilẹ̀kùn mọ́tò kó lè máa dún gbangan létí ẹni tó bá rà á. Òfin ibẹ̀ ni pé láìnì ò gbọdọ̀ dúró, kódà tí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti de ohun tí kò yẹ mọ́ mọ́tò, kó ṣáà kọjá, wọ́n á tún un ṣe níta. GM ti ibẹ̀ pa ní 1982. Wọ́n wá bá Toyota dòwò pọ̀, wọ́n ṣí i padà ní 1984, wọ́n pè é ní NUMMI, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà padà, púpọ̀ nínú wọn ni àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà. Toyota kó wọn lọ sí Japan lọ wo iṣẹ́. Okùn kan wà lókè orí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ti rí àṣìṣe, kó fà á, olórí àwọn tó wà nítòsí á wá bá a, wọn ò ní bá a wí, wọ́n á béèrè bí àwọn ṣe lè ràn án lọ́wọ́, tí ò bá tíì yanjú láìnì á dúró. Láàárín àkókò díẹ̀, mọ́tò tó ń jáde níbẹ̀ dára tó èyí tí wọ́n ń ṣe ní Japan. Ilé kan náà, èèyàn kan náà, ọ̀gá ló yàtọ̀. Honda náà ti ń ṣe Accord ní Marysville, Ohio láti 1982, ọwọ́ ará Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹnikẹ́ni ò sì ráhùn.

Ibi NUMMI yìí náà ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti hàn kedere. Láìnì kan náà ni Toyota Corolla àti Chevrolet Prizm, tó kọ́kọ́ ń jẹ́ Geo Prizm, ti ń jáde, mọ́tò kan náà ni, àfi àmì àti nǹkan díẹ̀ lára bọ́dì ló yàtọ̀. Síbẹ̀ Corolla ń tà ju Prizm lọ, owó Prizm sì máa ń já wálẹ̀ kíákíá tó bá ti di àlòkù. Ọdún tí Vega àti dísẹ́ẹ̀lì fi ba orúkọ jẹ́ ni Prizm ń san gbèsè ẹ̀.

Ford ní tiẹ̀ ránṣẹ́ sí W. Edwards Deming, ará Amẹ́ríkà tó ti ń kọ́ àwọn ará Japan nípa bí wọ́n ṣe ń dín àṣìṣe kù látọdún 1950, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ìlú ẹ̀ ò kọbi ara sí. Lẹ́yìn náà ni Taurus jáde, wọ́n ra mọ́tò àwọn tó ń bá wọn díje, wọ́n tú wọn wò kí wọ́n tó ya tiwọn, láti 1992 dé 1996 òun ló tà jù ní Amẹ́ríkà nínú mọ́tò tí kì í ṣe jíìpù tàbí píkọ́ọ̀pù. Chrysler tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀ ní 1979, tí ìjọba ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀yáwó dọ́là bílíọ̀nù kan ààbọ̀ fún, gbé mínífáànù jáde lábẹ́ Lee Iacocca tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀, ó sì tà wàràwàrà, ṣùgbọ́n gíà tuntun tí wọ́n fi sí i ní 1989 dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990 gbogbo wọn sá lọ sídìí jíìpù àti píkọ́ọ̀pù níbi tí owó pọ̀ sí, wọ́n sì mọ píkọ́ọ̀pù ṣe lóòótọ́, mọ́tò kékeré ni wọ́n pa tì.

Nínú oṣù kẹta 2009, Buick àti Jaguar jọ wà lókè pátápátá nínú àyẹ̀wò J.D. Power, ilé iṣẹ́ kan tó ń bi àwọn tó ni mọ́tò léèrè, èyí tó ń wo bí mọ́tò ṣe ń ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, GM lọ sílé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn. Chrysler ti ṣáájú ẹ̀ lọ ní oṣù kan. Ford nìkan ni ò lọ, torí pé ó ti yá owó ńlá sílẹ̀ ní 2006. Pontiac àti Saturn tó jẹ́ ti GM kú nínú ìjì yẹn, Oldsmobile ti kú láti 2004. Ní 2014 àṣírí tú pé ojú kọ́kọ́rọ́ àwọn Chevrolet Cobalt àti mọ́tò GM míì lè pa ẹ́ńjìnì lójú ọ̀nà, tí ẹ́ábáàgì ò sì ní jáde tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Páàtì tí owó ẹ̀ ò tó dọ́là kan ni, àwọn kan nínú ilé iṣẹ́ náà ti mọ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, èèyàn 124 ni wọ́n gbà pé ó pa. Ní 2025, iye ìgbà tí Ford kéde pé kí wọ́n kó mọ́tò padà wá fún àtúnṣe ju ti ilé iṣẹ́ èyíkéyìí lọ láàárín ọdún kan ní Amẹ́ríkà.

Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ní tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà lòun fẹ́ rà, Toyota Camry ló sábà máa ń ní lọ́kàn, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé Georgetown, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí Toyota ti ń ṣe Camry láti 1988.

Ilé iṣẹ́ Fremont yẹn, GM kúrò níbẹ̀ ní 2009, Toyota dá iṣẹ́ dúró ní 2010, Tesla sì rà á lọ́dún yẹn kan náà. Ibẹ̀ ni Model S ti jáde ní 2012, mọ́tò iná tó mú kí ayé tún máa wo Amẹ́ríkà kọ́ṣẹ́. Nígbà tó kan Model 3, wọ́n kó rọ́bọ́ọ̀tì jọ pelemọ pé kó máa ṣe gbogbo iṣẹ́, kò ṣiṣẹ́, wọ́n na àgọ́ síta wọ́n ń to mọ́tò nínú ẹ̀, àwọn tó rà á ń ráhùn pé àlàfo ilẹ̀kùn ò bára mu, pé pẹ́ńtì ò dán. Ní 2018 Elon Musk tó jẹ́ ọ̀gá Tesla gbà ní gbangba pé àṣìṣe òun ni, pé àwọn ò ka èèyàn sí tó.