Láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú: kí lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó sanwó?

Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ wò?

Ibi tí ẹ̀rọ náà ń kó fáìlì pa mọ́ sí, lẹ́yìn náà RAM, ìyẹn ibi tó ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí. Ẹni tó kàn fẹ́ kọ lẹ́tà, ka ímeèlì, wo fídíò, kó sì ṣèpàdé lórí Zoom kò nílò ẹ̀rọ alágbára. Ohun méjì yìí ló máa pinnu bóyá ẹ máa gbádùn rẹ̀ tàbí á máa dá yín lágara. Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kì í sọ púpọ̀.

Kí ló dé tí láptọ́ọ̀pù tuntun míì fi ń wọ́ bí ìgbín?

Lọ́pọ̀ ìgbà, eMMC ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe SSD, ibi ìpamọ́ tó yá jù ú lọ. Irú ibi ìpamọ́ tó máa ń wà nínú fóònù olówó pọ́ọ́kú ni eMMC, 32GB tàbí 64GB ló sì sábà máa ń jẹ́. Microsoft fúnra wọn kọ ọ́ pé Windows 11 kò gbọ́dọ̀ rí àyè tó dín sí 64GB. Bí Windows bá ti jókòó tán, ìwọ̀nba ló máa ṣẹ́ kù. Bí àtúnṣe Windows ńlá (update) bá wá dé, ẹ̀rọ á ní kò sáyè, ẹ ó sì máa pa fáìlì rẹ́ kiri. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé yọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ìpolówó "128GB" pẹ̀lú. Nígbà míì, 64GB ló wà nínú ẹ̀rọ, káàdì mẹ́mórì ni wọ́n fi ṣe ìyókù. Ẹ kàn bi òǹtajà pé: ṣé SSD ni àbí eMMC? SSD 256GB tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

HDD àtijọ́, èyí tí díìsì ń yí nínú rẹ̀, náà máa ń falẹ̀, torí abẹ́rẹ́ tó ń kà á gbọ́dọ̀ máa sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún bí Windows ṣe ń béèrè fáìlì kéékèèké. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ṣeé tún ṣe. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ̀rọ, ẹ yọ HDD, ẹ ki SSD SATA oní-íǹṣì 2.5 bọ ojú ibẹ̀, kẹ́ ẹ tún Windows gbé sí i. Kò sí àtúnṣe owó kékeré míì tí ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn tó bẹ́ẹ̀.

RAM mélòó ló tó?

8GB. Òótọ́ ni pé Microsoft gba 4GB láyè fún Windows 11, àmọ́ Windows fúnra rẹ̀ á ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí ohunkóhun. Bẹ́ ẹ bá wá ṣí ojú-ewé mẹ́wàá sórí Chrome, RAM á kún, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó yẹ kó wà nínú RAM lọ sínú ibi ìpamọ́ tó falẹ̀ jù ú lọ. Ibẹ̀ ló ti máa ń dì.

Bí ẹ̀rọ 4GB kan bá wù yín, ẹ wò ó bóyá ó ṣeé fi kún. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, ẹ lọ sí Performance, lẹ́yìn náà Memory. Níbi Form factor, bó bá kọ SODIMM, RAM náà ṣeé yọ. Bó bá kọ Row of chips, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Slots used á sọ bóyá ihò kan ṣì ṣófo. RAM oríṣi DDR3 kì í wọ ihò oríṣi DDR4, nítorí náà ẹ mọ èyí tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra òmíràn.

Òǹtajà ní "Core i5" ni ọpọlọ rẹ̀ (processor). Ṣé ìyẹn ò tó?

Kò tó. i5-2520M jáde ní 2011, i5-8250U jáde ní 2017, i5 sì làwọn méjèèjì. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé dáàṣì ni kẹ́ ẹ kà: 2 ni ìran kejì, 8 ni ìran kẹjọ. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, 11, 12 tàbí 13, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ìran rẹ̀. Ìran kọkànlá ni i5-1135G7.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, láti ìran kẹjọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11 lọ́dọ̀ Intel tó ń ṣe i5, wọ́n sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2025. Bó bá jẹ́ AMD, iléeṣẹ́ míì tó ń ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí PC Health Check, áàpù ọ̀fẹ́ tí Microsoft ṣe, yẹ ẹ̀rọ náà wò. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà láti gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ àtijọ́, àmọ́ Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Linux Mint, ètò míì tó ń ṣiṣẹ́ dípò Windows, sàn fún un, ọ̀fẹ́ sì ni.

Tuntun ni àbí àlòkù?

Bí owó ò bá pọ̀, àlòkù tí wọ́n ṣe fún iléeṣẹ́ sàn ju tuntun oní-Celeron (ọpọlọ Intel olówó pọ́ọ́kú) àti eMMC lọ. ThinkPad T480, Latitude 5490 ti Dell àti EliteBook 840 G5 ti HP jáde ní 2018, RAM àti SSD wọn sì ṣeé pààrọ̀. Ẹ ṣáà ka nọ́ńbà ọpọlọ wọn, torí wọ́n ta wọn pẹ̀lú ìran keje náà.

Kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ máa tẹ F2 bó bá jẹ́ Dell, F10 bó bá jẹ́ HP, F1 bó bá jẹ́ ThinkPad, kí BIOS, ibi ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ, lè ṣí. Bó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ẹ ní kí òǹtajà so Windows tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbé sí i mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì níṣojú yín: bó bá ń béèrè ímeèlì iléeṣẹ́ kan, iléeṣẹ́ yẹn ṣì ń darí rẹ̀, wọ́n sì lè tì í pa mọ́ yín lọ́wọ́.

Ti bátìrì, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ powercfg /batteryreport. Nínú fáìlì tó bá gbé jáde, ẹ fi FULL CHARGE CAPACITY (ìwọ̀n iná tó lè gbà báyìí) wé DESIGN CAPACITY (ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é sí). Bí wọ́n bá ṣe é ní 50,000 mWh tó sì ku 30,000, ìdá 60 nínú 100 ló kù. Ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san. T480 sábà máa ń ní bátìrì méjì, ẹ wo méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan nínú Notepad, ẹ dán kámẹ́rà àti gbogbo ihò USB wò, ẹ ṣí ojú rẹ̀ kẹ́ ẹ tún pa á dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa tẹ́tí sí i bóyá ó ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́.

Chromebook ńkọ́?

Láptọ́ọ̀pù tó ń lo ChromeOS ti Google dípò Windows ni. Ó dáa fún ẹni tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 4GB sì máa ń tó o. Àmọ́ àtúnṣe rẹ̀ ní ọjọ́ tó máa dópin, ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á kọ́ ni wọ́n sì ti ń kà á. Ẹ wò ó ní Settings, níbi About ChromeOS.

Ṣé ṣájà míì ṣeé lò fún un?

Bó bá jẹ́ oní-USB-C, ẹ wá èyí tí wáàtì rẹ̀ kò kéré sí ti àtilẹ̀wá, 45W tàbí 65W lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá jẹ́ olórí róbótó, fóòtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àtilẹ̀wá mu, áḿpíà rẹ̀ sì lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò kàn gbọ́dọ̀ kéré.