Bí èèyàn ṣe ń kó owó idẹ kéékèèké àwọn Gíríìkì àtijọ́ jọ láì jẹ gbèsè

Tí wọ́n bá ní owó kan ti lo ọdún 2,300 láyé, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé mùsíọ́mù àti àwọn olówó rẹpẹtẹ nìkan ló lè ní in, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó fàdákà ńlá ti Athens, ìlú Gíríìkì kan, èyí tó ní òwìwí lẹ́yìn, òun ló ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là lọ́wọ́ èèyàn. Owó idẹ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ra nǹkan ọbẹ̀ lọ́jà ńkọ́? Dọ́là 20 sí 50 lè mú èyí tó ṣeé kà dáadáa, èyí tó ti họ lè má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, fàdákà ni wọ́n ń fi ṣe gbogbo ẹ̀, títí kan ṣéńjì. Óbólì kan, ìyẹn owó fàdákà kékeré tí wọ́n ń ná ní Athens, ò wúwo tó gíráàmù kan, wọ́n sì tún ṣe ìdajì ẹ̀ àti ìdá mẹ́rin ẹ̀, ó kéré débi pé ẹnu làwọn èèyàn máa ń kó o sí tí wọ́n bá ń lọ sọ́jà (òótọ́ ni o, àwọn òṣèré ìgbà yẹn tiẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀). Ló bá di pé àwọn ìlú Gíríìkì tó wà ní Sísílì àti gúúsù Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe owó kékeré ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí ọ̀rúndún kẹrin fi máa parí ó ti tàn káàkiri. Idẹ inú ẹ̀ ò tó iye tí wọ́n ń ná an, bíi bébà náírà ni, àṣẹ ìlú ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá ti jìnnà sí ìlú tó ṣe é, bóyá ni ẹnikẹ́ni máa gbà á, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe sábà máa ń rí i nínú ilẹ̀ agbègbè tí wọ́n ti ná an. Wọ́n ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, tó bá sì jábọ́ lọ́wọ́ èèyàn kò sẹ́ni tó ń fi àtùpà wá a. Òun ló fi pọ̀ nílẹ̀ dòní, òun náà ló fi wọ́n kéré lówó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò le. Wọ́n á fi ègé idẹ sáàárín irin méjì tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán sí, wọ́n á wá fi òòlù lù ú. Ọwọ́ èèyàn ni, kì í ṣe ẹ̀rọ, torí náà kò sí méjì tó bára mu délẹ̀, orí òrìṣà lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìdajì ọ̀rọ̀ má sì sí lára ẹ̀.

Ibi tí adùn iṣẹ́ yìí wà gan-an ni dídá a mọ̀, torí owó tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá mọ̀, idẹ lásán ni. Èèyàn á wọn ọ́n ní gíráàmù, á fi rúlà wọ̀n ọ́n ní mìlímítà, á wá jẹ́ kí iná kọ lù ú láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, ìgbà yẹn lẹ́tà tó ti parẹ́ máa ń yọjú. Orúkọ ọba tàbí ti ará ìlú ni wọ́n sábà máa ń kọ, lẹ́tà mẹ́ta péré pẹ̀lú àwòrán lè tó. Orí òrìṣà Apollo níwájú, ọmọkùnrin lórí ẹṣin lẹ́yìn, tí ΦΙΛΙΠΠΟΥ wà lókè ẹ̀: Philip Kejì, ọba Makedóníà, nìyẹn (359 sí 336 ṣáájú ìbí Jésù), ó pọ̀ bí yanrìn, òun ló dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Orí Herakles, akọni inú ìtàn àtijọ́ wọn, tó da awọ kìnnìún borí, tí kùmọ̀ àti ọrun wà lẹ́yìn, ti Alexander Ńlá, ọmọ Philip, ni, àmọ́ wọ́n ṣì ń ṣe irú ẹ̀ lẹ́yìn tó kú, ẹ má jẹ́ kí olówò búra fún yín pé ó ti kọjá lápò Alexander fúnra ẹ̀. Poseidon, òrìṣà òkun, àti ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, ti Hieron Kejì, ọba Syracuse ní Sísílì, ni.

Àwọ̀ ewé tàbí dúdú tó bò ó lára, ẹ fi sílẹ̀! Ẹni tó bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì bó o ti ba nǹkan tó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún jẹ́, iye ẹ̀ á sì já wálẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fùn aláwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ ló ń hù lára ẹ̀, ìyẹn yàtọ̀, àìsàn idẹ ni wọ́n ń pè é, kílóráìdì (irú iyọ̀ kan) inú ẹ̀ àti ọ̀rinrin ló ń jẹ ẹ́. Wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sínú distilled water, kí wọ́n máa pààrọ̀ omi, kí wọ́n gbẹ ẹ́ dáadáa, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀ síbi tó gbẹ. Ọ̀rá PVC ò dáa fún un, ó máa ń fi nǹkan yíyọ̀ kan sí i lára.

Féèkì wà, bó ti wù kí owó ẹ̀ kéré tó. Èyí tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù sábà máa ń ní ìlà yí ká etí ẹ̀ àti ihò tíntìntín lójú ẹ̀, tí èèyàn bá sì rí méjì tí àléébù wọn bára mu délẹ̀, kó sá.

Ọ̀rọ̀ òfin ló le jù. Ní Gíríìsì àti Tọ́kì, ti ìjọba ni ohun àtijọ́ tí wọ́n bá hú nílẹ̀, arìnrìn-àjò tó bá kó o jáde láti Tọ́kì láìgbàṣẹ lè bá ara ẹ̀ lẹ́wọ̀n. Amẹ́ríkà náà ti fi ìwọlé àwọn kan sábẹ́ òfin, ti Cyprus láti 2007, ti Ítálì àti Gíríìsì láti 2011, ti Bọ̀gáríà láti 2014. Torí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ni ibi tó ti rí i, rìsíìtì àtijọ́ ńkọ́, ṣé ó ti lọ sí gbàǹjo kan rí. Tó bá ń kálòlò, ẹ fi í sílẹ̀ fún un, kódà kó jẹ́ dọ́là 10 péré. Èyí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ kọ ìwọ̀n ẹ̀, ẹni tó tà á àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á sí bébà kékeré kan kó máa bá a gbé.

Àwọn kan máa ń kó owó ìlú kan ṣoṣo jọ, ìyẹn sì máa ń sú èèyàn tètè. Kéèyàn máa kó èyí tó ní àwòrán ẹranko ló rọrùn jù: oyin Ephesos, idì Kyme, akàn Akragas, ẹṣin Alexandria Troas tó ń jẹko, kìnnìún Miletos tó ń bojú wẹ̀yìn.