No-reflow: nígbà tí iṣan ńlá ṣí, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé inú ẹran ọkàn

Dókítà ti ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan ọkàn tó dí, ó ti fẹ́ bàlúùnù kékeré níbẹ̀, ó sì ti fi stent, ìyẹn ihò wáyà kékeré bíi páìpù, gbé ògiri rẹ̀ dúró. Lójú ẹ̀rọ, iṣan náà ti ṣí dáadáa. Síbẹ̀, àyà ṣì ń dun aláìsàn, oògùn olómi tí wọ́n fi ń ya àwòrán sì ń wọ́ bí ìgbín. Ohun tí àwọn oníṣègùn ọkàn ń pè ní no-reflow nìyẹn.

Inú àwọn iṣan tín-ín-rín tó wà láàárín ẹran ọkàn ni wàhálà wà. Ihò wọn kò ju nǹkan bíi máíkírómítà 5 sí 10 lọ (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo fẹ̀ tó 7 sí 8. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọjá. Òmíràn ní láti ká ara rẹ̀ kó tó ráyè. Ibi tó há tó báyìí, wíwú díẹ̀ ti tó láti dí i.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń pẹ́ kó tó padà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan wọ̀nyí bí ẹní ń wú, tí ara wọn ń yọ kókó sínú ihò. Ẹran tó yí wọn ká náà á wú, á fún wọn láti ìta. Ẹ̀jẹ̀ tó bá wá padà dé tún ń gbé ìyọnu tirẹ̀ bọ̀. Ọ́síjìn tó ya wọlé lójijì ń bí àwọn ohun olóró tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn tó yẹ kó gbèjà ara, á rọ́ dé, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ògiri. Èérún ẹ̀jẹ̀ dídì tó já láti òkè á wá há síbẹ̀, iṣan fúnra rẹ̀ á sì sún kì. Tó bá le gan-an, ògiri á ya, ẹ̀jẹ̀ á jò sínú ẹran ọkàn.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sọ pé kí wọ́n má ṣí iṣan o! Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kò dé rárá, kíkú ló ń kú. Àkókò ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 1974, àwọn olùwádìí Kloner, Ganote àti Jennings dí iṣan ọkàn ajá. Èyí tí wọ́n tú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, ẹ̀jẹ̀ padà káàkiri. Èyí tó pé 90, apá kan nínú lọ́hùn-ún kò gba ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Àwọn dókítà máa ń fún aláìsàn ní oògùn tó ń mú iṣan dẹ̀, bíi adenosine tàbí verapamil, tààrà sínú iṣan ọkàn. Ó máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwòrán MRI, èyí tí wọ́n ń fi agbára òòfà yà, á fi ojú ọgbẹ́ náà hàn: ẹran tó fara pa á tàn funfun, àárín rẹ̀ á dúdú. Ojú dúdú yẹn ni oògùn àwòrán kò ráyè wọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbé e débẹ̀ kò tíì dé.