Lee-Enfield àti ọ̀bẹ ẹnu ẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé sánpépà yẹn sílẹ̀

Ẹni tó gbé bẹ́yónẹ́ẹ̀tì (ọ̀bẹ tí wọ́n ń fi há ẹnu ìbọn) wá fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní òun ò fẹ́ kí n ṣe wàhálà púpọ̀, òun ti fi sánpépà ha gbogbo ibi tó dógùn-ún, ó wá ń dán gbinrin bíi ṣíbí tuntun. Mo gbà á, mo wò ó, mi ò mọ èyí tí ǹ bá sọ, torí ohun tó ha dànù yẹn gan-an ni mo fẹ́ kà.

Ohun ìjà àtijọ́ ni mò ń tún ṣe nílùú Ọba níbí, èyí tó sì ń wọlé jù ni Lee-Enfield, ìbọn tí àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì gbé ja ogun àgbáyé méjèèjì. Àwọn bàbá wa tó lọ ja ogun Bọ́mà, òun náà ni wọ́n gbé, Mark 4 tí a mọ̀ mọ́ àwọn ọlọ́pàá wa lọ́wọ́ nílé nígbà kan, àbúrò ẹ̀ nìyẹn. Lee ni James Paris Lee, ẹni tó ronú bóòtù ẹ̀ (irin tí èèyàn ń gbé sókè fà sẹ́yìn kí èèpo ọta lè jáde), wọ́n bí i ní Scotland lọ́dún 1831, Kánádà ló ti dàgbà kó tó ré kọjá sí Amẹ́ríkà. Enfield ni ibi tí ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba wà, lápá àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ọta mẹ́wàá ló ń gbà.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí ọ̀bẹ yẹn fi gùn tó yẹn, àbí màlúù ni wọ́n fẹ́ fi pa? Tẹ́lẹ̀, ìbọn gígùn ni ṣọ́jà ẹlẹ́sẹ̀ ń gbé, àwọn tó ń gun ẹṣin ń gbé kúkúrú. Nígbà tó yá wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lo oríṣi kan, wọ́n wá dín gígùn ìbọn náà kù sí ínṣì 44 àbọ̀. Àmọ́ Mauser àwọn Jámánì gùn tó ínṣì 49, tó bá wá di pé wọ́n súnmọ́ra tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún ara wọn ńkọ́? Ẹni tí tiẹ̀ gùn ló máa kọ́kọ́ bá ẹnì kejì. Ọ̀bẹ tí wọ́n ń lò láti 1903, ínṣì 12 péré ni ojú ẹ̀, ni wọ́n bá lọ wo ti àwọn ará Japan, wọ́n ṣe tuntun lọ́dún 1907, ínṣì 17. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ínṣì márùn-ún ni wọ́n yọ lára ìbọn, márùn-ún náà ni wọ́n fi kún ọ̀bẹ.

Ó dáa, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn síbi iná, ẹ wo ìdí irin ẹ̀ níbi tó ti wọnú ẹ̀kù. Ẹ máa rí adé, GR (ìyẹn Ọba George), 1907, nọ́ńbà oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é, àti orúkọ ẹni tó ṣe é, bíi Wilkinson tàbí Sanderson, kódà Remington ti Amẹ́ríkà ṣe díẹ̀. Ẹ yí i padà. Àmì kan wà níbẹ̀ tó dà bí ẹsẹ̀ adìẹ, ìyẹn ni pé ti ìjọba ni. X tó wà nítòsí ẹ̀ ni pé wọ́n ti tẹ irin náà wò, ó sì padà nà tán. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní ìkọ́ kan níwájú ẹ̀kù, ọdún 1913 ni wọ́n fagi lé e, wọ́n sì gé e kúrò lára èyí tó pọ̀ nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀, ìdí tí èyí tó ṣì ní ìkọ́ fi wọ́n nìyẹn o, ìdí náà sì ni tí àwọn oníjìbìtì fi ń jó ìkọ́ tuntun mọ́ ọn. Ti oníbàárà mi yẹn, ìdajì ẹsẹ̀ adìẹ ló kù, pẹ̀lú 1 kan níbi ọdún. Bóyá 15 ni, bóyá 17, sánpépà ló mọ̀.

Ti Mark 4, ẹ má wulẹ̀ wá ojú ọ̀bẹ níbẹ̀. Ìṣó ńlá kan báyìí ni, ínṣì mẹ́jọ, kò lè gé búrẹ́dì.

Ìbọn fúnra ẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ọwọ́ bóòtù, ó gbọ́dọ̀ bá ti ara ìbọn mu. Tí ò bá bá a mu, bóòtù ìbọn mìíràn ni wọ́n kì bọ̀ ọ́, ó sì lè má jókòó dáadáa lẹ́yìn ọta, kí ẹnikẹ́ni má yìn ín títí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á fi wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá ṣì ń yìn, ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ni níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ẹ má fi ìbọn ológun pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òfin ò gbà.

Ìtọ́jú ò le. Òróró ìbọn díẹ̀ lára aṣọ tó rọ̀, ó tán. Ẹ má fi ọ̀bẹ sílẹ̀ nínú àkọ̀ aláwọ ẹ̀ o, awọ máa ń fa omi mọ́ra, inú ibẹ̀ lá ti jẹ irin. Àwọn tó bá yin ọta àtijọ́, omi gbígbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú ihò ìbọn, torí ohun tó ń tanná sí ọta yẹn máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀, òróró ò sì ran iyọ̀.

Èyí tó wá ń dùn mí jù: èèyàn á fẹ́ tú igi ìdí ìbọn, á ki sukurudiráfà bọ ihò ẹ̀yìn, á máa yí i. Ti ìbọn kúkúrú tó ń lo ọ̀bẹ 1907 yẹn, ẹnu iwájú ìṣó gígùn tó di ìdí mú ti há sínú irin kan lára igi iwájú, tí ẹ ò bá tíì yọ igi iwájú, tí ẹ wá ń yí i, igi á ya ni. Mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí tó ya bẹ́ẹ̀, mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.