Òfin ìbọn àti ikú ìbọn: ọ̀nà wo ni ìbọn gbà dé ọwọ́?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, Bello Matawalle, tó jẹ́ gómìnà Zamfara nígbà náà, ní kí àwọn ará ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ gba ìbọn láti fi gbèjà ara wọn lọ́wọ́ àwọn agbébọn, ó sì pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá pé kó fún wọn ní láísẹ́ǹsì. Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà àwọn ológun nígbà náà, Ọ̀gágun Lucky Irabor, fi fèsì pé gómìnà ò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin. Títí di òní, bí àwa ọmọ Yorùbá bá kóra jọ l'Abuja, ì báà jẹ́ ìpàdé ọmọ ìlú ní Kubwa tàbí ìkómọ ní Lugbe, ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ jáde. Bàbá kan á ní ká wo Switzerland, ìbọn kún ilé wọn, ìlú wọn sì tòrò. Ẹlòmíì á ní ká wo Amẹ́ríkà. Ẹnì kẹta á dárúkọ Mexico, níbi tí òfin ìbọn ti le koko, síbẹ̀ tí wọ́n ń pa èèyàn bí ẹni pa adìẹ. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn.

Ìṣirò ló kọ́kọ́ máa ń da àríyànjiyàn yìí rú. Iye òkú nìkan ò tó láti fi orílẹ̀-èdè kan wé òmíràn, torí àwọn ará Amẹ́ríkà lé ní 330 mílíọ̀nù, àwọn ará Switzerland ò sì tó 10 mílíọ̀nù. Ohun tí àwọn oníṣirò máa ń béèrè ni pé, nínú 100,000 èèyàn, mélòó ni ìbọn pa lọ́dún kan? Lọ́dún 2021, ìbọn pa 48,830 èèyàn l'Amẹ́ríkà, ìyẹn bí èèyàn 15 nínú 100,000. Ẹ dúró ná o: ó lé ní 26,000 nínú wọn tó jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n yìnbọn pa. Ikú ìbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè àti agbébọn nìkan. Ní Switzerland tí bàbá wa fẹ́ràn láti máa dárúkọ, ìpara-ẹni ló pọ̀ jù nínú ikú ìbọn wọn.

Àpẹẹrẹ tó yé mi jù lórí èyí wá láti Ísírẹ́lì. Àwọn ọ̀dọ́ sójà ibẹ̀ máa ń gbé ìbọn lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Lọ́dún 2006, àwọn ọ̀gá wọn ní kí wọ́n máa fi í sílẹ̀ ní bárékè. Ìpara-ẹni láàárín wọn dín kù ní nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ti òpin ọ̀sẹ̀ ló sì dín kù jù. Wọn ò gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pátápátá. Wọ́n kàn mú kí ọ̀nà tó wà láàárín ọwọ́ àti ìbọn gùn sí i, ní òru tí nǹkan sú ọmọ náà.

Ọ̀nà yẹn gan-an ni òfin ìbọn ń dí tàbí tó ń là. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan yìnbọn pa èèyàn 35 ní Port Arthur lọ́dún 1996, ìjọba Australia ra ìbọn tó lé ní 650,000 padà lọ́wọ́ aráàlú, ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ òmíràn sọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe, kó sì dúró fún ọjọ́ 28. Ikú ìbọn dín kù. Ó ti ń dín kù bọ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn lórí ibi tí agbára òfin náà dé. Ní ìpínlẹ̀ Missouri l'Amẹ́ríkà, òdìkejì ni wọ́n ṣe: lọ́dún 2007 wọ́n fagi lé òfin tó ní kí ẹni tó fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ṣẹ́ríìfù, ìyẹn ọ̀gá agbófinró àdúgbò. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Johns Hopkins rí i pé fífi ìbọn pànìyàn lọ sókè lẹ́yìn rẹ̀.

Mexico ńkọ́? Ilé ìtajà ìbọn méjì péré ni òfin mọ̀ níbẹ̀, sójà ló sì ń darí wọn. Àmọ́ Amẹ́ríkà ni aládùúgbò wọn. Nínú ìbọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀daràn ní Mexico tí wọ́n sì tọpa rẹ̀, bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti Amẹ́ríkà wá. Òfin Mexico ò lè ti ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Texas.

Mexico yìí la fi jọ ju Switzerland lọ. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti wà láti 1959, kò sì rọ̀ rárá: àṣẹ Ààrẹ nìkan ló lè jẹ́ kí aráàlú ní ìbọn ìléwọ́ tàbí ìbọn ológun, ọlọ́pàá ló ń fúnni ní ìwé ìbọn ọdẹ, ṣakabùlà pàápàá ní ìlànà tirẹ̀. Small Arms Survey, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ìbọn káàkiri ayé, fojú bù ú lọ́dún 2018 pé ìbọn ọwọ́ aráàlú wa ò ju bí 3 lọ fún 100 èèyàn, nígbà tí ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Ta ni nínú àwọn agbébọn Zamfara ló gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ kọmíṣánnà? Ìbọn tú jáde ní Libya lẹ́yìn ìṣubú Gaddafi lọ́dún 2011, ó gba inú aṣálẹ̀ wọlé. Fàyàwọ́ ń kó o wá, alágbẹ̀dẹ ń rọ ọ́, wọ́n sì ń jà á gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti sójà tí wọ́n bá pa.

Èmi ò fara mọ́ àbá Matawalle, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ohun tó ń ká àwọn ará abúlé lára. Ìbọn kan ní ilé àgbẹ̀ ò lè dá ogún alùpùpù tó gbé AK-47 dúró; wọ́n á gbà á, yóò di tiwọn. Abuja níbí ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn ìbọn lọ́dún 2006, pé kí ìbọn kọ̀ọ̀kan ní àmì, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé, ti ìjọba àti ti aráàlú. Gómìnà tó bá tún fẹ́ pín ìbọn lọ́la, ẹ bi í pé inú ìwé wo ni nọ́ńbà wọn yóò wà, àti ta ni yóò padà lọ kà wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀.