Ìdúrótini: orúkọ tó yẹ àjọṣe àwọn ẹgbẹ́ apá òsì káàkiri ayé

Láìpẹ́ yìí ni mo ka ìròyìn kan tí wọ́n yí sí Yorùbá. Ẹgbẹ́ òṣèlú apá òsì kan kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn, níbi tí àwọn ológun ti ń halẹ̀ mọ́ ìjọba tí aráàlú dìbò yàn. Ẹni tó túmọ̀ ìròyìn náà ní wọ́n fi "ìbánikẹ́dùn" wọn ránṣẹ́. Mo kà á sókè, ẹni tó jókòó tì mí sì gbójú sókè: "Ta ló kú?"

Kò sẹ́ni tó kú. Torí kí ẹnikẹ́ni má baà kú ni wọ́n ṣe kọ lẹ́tà ọ̀hún. Ìbánikẹ́dùn a máa dé lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán, ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí sì ń sọ ti lé ní 160 ọdún tí wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀: bí wọ́n bá kọlu ọ̀kan nínú wa ní ilẹ̀ rẹ̀, àwa tó kù ní ilẹ̀ tiwa kò gbọdọ̀ ká ọwọ́ gbera. Èmi ń pe ìyẹn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "solidarity", ní ìdúrótini. Ẹni tó dúró tì ọ́ nígbà ìṣòro, o mọ̀ ọ́n, o sì mọ ẹni tó sá. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀, "ì" àti "ni" nìkan ni mo fi kún un.

Àwọn kan ní "ìfọwọ́sowọ́pọ̀" ti tó. Kò tó. Orílẹ̀-èdè méjì tó bára wọn ṣàdéhùn lórí ìwé ìrìnnà tàbí lórí ẹja inú òkun ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kò ní fi ẹ̀jẹ̀ kan sílẹ̀ nítorí ara wọn. Àwọn mìíràn ní "ìṣọ̀kan". Èyí tilẹ̀ burú jù, nítorí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò di ọ̀kan rí, ìgbà tí wọ́n sì gbìyànjú láti sọ wọ́n di ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ wọ́. N óò padà débẹ̀. Ní ti àwọn tó ń kọ "sọlidárítì", ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ. Àwọn náà ni yóò máa ṣàlàyé rẹ̀ ní ìlà tó tẹ̀ lé e.

Kí á tó tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ "apá òsì". Ní ilé aṣòfin Faransé lọ́dún 1789 ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kí ọba ní agbára láti wọ́gi lé òfin jókòó sí apá ọ̀tún alága, àwọn tí kò fẹ́ jókòó sí apá òsì. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìjókòó lọ. Àwọn kan ń sá fún un nítorí pé kò bójú mu fún wa láti fi ọwọ́ òsì kí àgbà, wọ́n sì lọ mú "ẹgbẹ́ alátakò" wá. Ta ni wọ́n ń ta kò bí àwọn fúnra wọn bá wà lórí àlééfà? Ẹlòmíràn mú "onítẹ̀síwájú" wá, bí ẹni pé ẹgbẹ́ kan wà tó máa ń kéde pé ẹ̀yìn ni òun ń lọ. "Apá òsì" ni kí ẹ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ "ẹgbẹ́ olósì", mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Bí tẹlifóònù bá lọ fi àmì sí abẹ́ S yẹn, èébú lẹ kọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín sósíálísìtì, sósíà-dẹmókíráàtì àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, n kò ní fi ṣe yín ní wàhálà. Gbogbo wọn jẹ́ ẹgbẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ ni àwọn ń jà fún, ìyẹn ti tó níbí.

Báwo wá ni ìdúrótini ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹnì kan ń gun àkàsọ̀. Ìwọ dúró nísàlẹ̀, o fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ náà mú, o sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ igi ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà yọ̀. Òun ló ń gùn, ìwọ kọ́. O kò lè bá a gbé ẹsẹ̀ sókè, o kò sì lè máa pàṣẹ igi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ fún un, torí ojú rẹ̀ ló rí òkè. Iṣẹ́ tìrẹ dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, kò sì ní sú ẹnikẹ́ni láti ṣèlérí rẹ̀, títí ẹnì kan yóò fi pariwo pé ilé tìrẹ náà ń jó. Ìgbà yẹn la óò mọ̀ bóyá o di nǹkan kan mú.

Ilé jó lọ́dún 1914, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀. Àpapọ̀ Àgbáyé Kìíní, ìyẹn àjọ àwọn òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1864, ti tú ká tipẹ́. Ìjà Marx àti Bakunin, méjì nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, ló pa á. Èkejì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1889, ló wà lóde. Àwọn ló fún ayé ní ayẹyẹ ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1912 wọ́n kóra jọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú Basel ní Switzerland, aṣojú tó lé ní 500, láti sọ pé àwọn kò fẹ́ ogun. Jean Jaurès, aṣáájú àwọn sósíálísìtì Faransé, dìde níbẹ̀, ó mú ọ̀rọ̀ Látìn àtijọ́ kan tí wọ́n máa ń kọ sára agogo jáde: mo ń pe àwọn alààyè, mo ń ṣọ̀fọ̀ àwọn òkú, mo ń fọ́ mànàmáná. Ẹ wò ó pé agogo náà mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni pípe alààyè, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ṣíṣọ̀fọ̀ òkú. Atúmọ̀ èdè wa kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1914, Jaurès wà ní Brussels níwájú èrò rẹpẹtẹ, ó fi ọwọ́ kọ́ Hugo Haase, aṣáájú àwọn sósíálísìtì Jámánì, lọ́rùn. Wọ́n ti ní kí àpérò àgbáyé wáyé ní Paris ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ kejì ìpàdé Brussels ni Jaurès padà sí Paris, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ẹnì kan yìnbọn fún un níbi tó ti ń jẹun alẹ́, ó sì kú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, ilé aṣòfin Jámánì jókòó láti dìbò lórí owó ogun. Nínú ìpàdé abẹ́lé ẹgbẹ́ wọn, Haase wà lára àwọn 14 tó ní àwọn kò fara mọ́ ọn. 78 ló fara mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ ti pàṣẹ, nítorí náà Haase kan náà ló dìde tó ka ìwé ẹgbẹ́ síta pé àwọn kò ní fi ilẹ̀ bàbá àwọn sílẹ̀ lásìkò ewu. Ọwọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ti di ọwọ́ òkú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Faransé náà dìbò fún ogun ní ọjọ́ kan náà. Karl Liebknecht, ọmọ ẹgbẹ́ Haase, nìkan ló wá ní rárá ní ilé aṣòfin Jámánì nígbà tí wọ́n tún dìbò ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá.

Àwọn tó dá Ẹ̀kẹta sílẹ̀ ní Moscow lọ́dún 1919 wo gbogbo èyí, wọ́n ní àìsí àṣẹ kan ṣoṣo ló fà á. "Ìṣọ̀kan" tí àwọn kan fẹ́ kí n máa kọ nìyẹn. Moscow gun orí àkàsọ̀ gbogbo ayé. Láti ọdún 1928 àṣẹ jáde pé àwọn sósíà-dẹmókíráàtì kò yàtọ̀ sí fáṣísìtì, irú ẹgbẹ́ Hitler, wọ́n kàn da aṣọ sósíálísìtì bora ni. Ní Jámánì, ìbò oṣù Kọkànlá ọdún 1932 fún ẹgbẹ́ Hitler ní ìjókòó 196. Sósíà-dẹmókíráàtì ní 121, àwọn kọ́múnísìtì, tó ń gba àṣẹ Moscow, ní 100. Ẹ ṣírò rẹ̀. Wọn kò bára wọn jókòó. Hitler di olórí ìjọba ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1933, kí oṣù Keje ọdún náà sì tó parí, àti ẹni 121 àti ẹni 100, ẹgbẹ́ méjèèjì ti di èèwọ̀ lábẹ́ òfin.

Lọ́dún 1935 Moscow yí ohùn padà: ẹ bá ẹnikẹ́ni tó bá kórìíra fáṣísìtì rìn. Báyìí ni àjọṣe tuntun ṣe wọlé nínú ìbò Sípéènì àti Faransé lọ́dún 1936. "Popular Front" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti pè é ní "Iwájú Gbajúmọ̀". Iwájú ta ni? Gbajúmọ̀ wo? Ẹni tó kọ ọ́ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ronú lẹ́ẹ̀kan. Àgbájọ Aráàlú ni.

Ibi tí mo ti rí ìdúrótini tó dúró dáadáa ni ọ̀rọ̀ Pọtogí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1973, ìjọba apàṣẹwàá ṣì wà ní Lisbon, Mário Soares sì wà nígbèkùn. Bad Münstereifel, ìlú kékeré kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti dá Ẹgbẹ́ Sósíálísìtì Pọtogí sílẹ̀, àwọn sósíà-dẹmókíráàtì Jámánì ló sì gbà wọ́n lálejò. Lẹ́yìn ọdún kan àti ọjọ́ mẹ́fà, àwọn ọmọ ogun lé ìjọba náà lọ. Nígbà tó dé ọdún 1975 tí ìlú tún fẹ́ dàrú, Willy Brandt, olórí àwọn sósíà-dẹmókíráàtì Jámánì, àti àwọn aṣáájú sósíálísìtì ilẹ̀ Yúróòpù pàdé ní Stockholm ní oṣù Kẹjọ, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti dáàbò bo ìjọba tiwa-n-tiwa ibẹ̀. Ṣùgbọ́n aráàlú Pọtogí fúnra wọn ló ti dìbò ní oṣù Kẹrin, àwọn ló sì fi ẹgbẹ́ Soares síwájú.

Èyí kò ní kí a máa fi orúkọ dídùn bo àbùkù. Ẹgbẹ́ Ben Ali, apàṣẹwàá Tùnísíà, wà nínú Àpapọ̀ Sósíálísìtì Àgbáyé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2011 ni wọ́n lé e jáde, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí Ben Ali ti bá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Ẹgbẹ́ Mubarak ní Íjíbítì náà jáde kí oṣù yẹn tó tán, nígbà tí èrò ti kún ìgboro. Ẹsẹ̀ àkàsọ̀ olè ni wọ́n ti ń dì mú. Ó wà lára ohun tó bí àwọn sósíà-dẹmókíráàtì Jámánì nínú tí wọ́n fi lọ bá àwọn mìíràn dá àpapọ̀ tuntun sílẹ̀ ní Leipzig ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Ẹni tó bá fẹ́ pe ìwé tí wọ́n fi lé àwọn ẹgbẹ́ méjì yẹn ní ìbánikẹ́dùn, mo gbà fún un níbẹ̀. Òkú ti wà nílẹ̀ lóòótọ́.